Ajá Tí Ń Lá Ara Rẹ̀ Títí Ó Fi Di Egbò

Bí ajá bá wà li ilé yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú ọ̀ràn yìí rí. Li alẹ́, ajá jẹun, ó ju ìrù, ó sì lọ sùn ní ẹnu-ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irun ti re kúrò ní itan rẹ̀, ojú ibẹ̀ pupa, ó tutù rinrin, ó sì ń rùn, bí ẹni pé a da omi gbígbóná sí i. A mọ̀ pé ní ilé mìíràn ọmọ-ọ̀dọ̀ li a kọ́kọ́ máa ń fi ẹ̀sùn kàn. Kí ẹ tó na ọmọ ọlọ́mọ, ẹ gbọ́ tiwa ná: ó lè jẹ́ pé ajá náà tìkára rẹ̀ li ó fi ahọ́n àti eyín ṣe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní òru kan ṣoṣo.

Bí ó ti ń rí nìyí. Nǹkan kan kọ́kọ́ yún ajá, tàbí ó dùn ún. Ó yí orí, ó lá ibẹ̀, ó sì fi eyín ha á. Itọ́ mú kí awọ tutù. Awọ tí ó tutù a máa rọ̀, a sì máa bó. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé li ara gbogbo ajá láìṣe ibi a wá rí ààyè wọ inú rẹ̀. Ojú ibẹ̀ a wú, a gbóná, a sì túbọ̀ máa yún un. Nígbà náà ni ajá yóò tún lá a sí i. Wákàtí díẹ̀ tó fún iṣẹ́ ibi yìí. Àwọn ajá onírun púpọ̀, irú àwọn Alsatian tí a ń fi ṣọ́ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, li ó ń ṣe jù, pàápàá ní ìgbà òjò, nítorí omi a máa pẹ́ ní abẹ́ irun wọn kí ó tó gbẹ. Ajá ìbílẹ̀ wa tí irun rẹ̀ kúrú kì í sábà ní i, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀. A óò dé ibẹ̀.

Kí li ó kọ́kọ́ yún un? Ìbéèrè tí ó yẹ kí onílé bèèrè nìyẹn, ibi tí egbò wà a sì máa dáhùn rẹ̀. Bí ó bá wà ní ìdí ìrù, ẹ tú irun ibẹ̀ wò fún kòkòrò kékeré tí ń fò, tí kò tó eégbọn. Bí ẹ kò bá rí òun fúnra rẹ̀, ẹ wá ìgbẹ́ rẹ̀, tí ó dà bí ẹ̀tù dúdú. Ẹ gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun tí a fi omi rin. Bí ó bá di pupa, ẹ̀jẹ̀ ajá yín ni. Àwọn ajá kan wà tí itọ́ kòkòrò yìí kò bá lára mu, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá jẹ wọ́n, gbogbo ẹ̀yìn ni yóò máa yún wọn. Bí egbò bá wà ní abẹ́ etí, ẹ gbóòórùn etí náà. Ó lè jẹ́ pé etí tí ń ṣọyún li ajá ń fi ẹsẹ̀ ha. Ajá tí ń lá gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ láìdábọ̀, oúnjẹ tàbí eruku lè wà tí kò bá a lára mu. Ajá àgbàlagbà tí ń lá oríkèé kan ṣoṣo, eegun ibẹ̀ lè máa dùn ún. Ẹni tí ó bá na ajá nítorí pé ó ń lá ara rẹ̀, abirùn li ó ń nà nítorí pé ó kérora.

Àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, itọ́ ajá li oògùn rẹ̀.” Àwa náà ti ka ìtàn Lásárù li ẹnu-ọ̀nà ọlọ́rọ̀, bí àwọn ajá ti ń wá lá egbò rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kà á níbẹ̀ pé egbò náà jiná. Lóòótọ́, itọ́ ajá lè pa díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí, ṣùgbọ́n ohun tí ahọ́n ń bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tí itọ́ ń tún ṣe lọ. Bí ajá tí a kò fún li abẹ́rẹ́ àjẹsára bá sì ń jẹ ojú ibi tí ajá mìíràn ti bù ú jẹ rí, tí ìwà rẹ̀ yí padà, tí itọ́ ń dà li ẹnu rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kan egbò lára rẹ̀, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn li ọjọ́ náà gan-an.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyí: ohunkóhun tí a bá fi pa egbò ajá, ajá yóò lá a mì. Síbẹ̀ kẹrosíìnì li ẹni kan ń fi pa á, ẹlòmíràn ń lo ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì dà nù, ẹlòmíràn oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá. Ọ̀tápíápíá li ó burú jù lọ. Ẹni tí ó fi í wọ́n ajá li ara nítorí eégbọn lè rí i kí ọjọ́ tó kanrí pé itọ́ ń dà li ẹnu ẹran náà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè mí dáadáa mọ́. Ìpara ènìà tí a fi zinc ṣe a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ bí ó bá lá a. Ibuprofen tí a ń lò fún ara ríro a máa dá egbò sí inú ikùn ajá, a sì máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ìtọ́jú tí ó tọ́ kò le. Ẹ di ẹnu ajá náà jẹ́jẹ́, nítorí egbò yìí ń dùn ún gidigidi, ajá tí kò bù ènìà jẹ rí sì lè gé ọwọ́ ọmọdé. Ẹ gé irun tí ó yí egbò ká kí afẹ́fẹ́ lè dé ibẹ̀. Ẹ po ṣíbí tíì kan iyọ̀ mọ́ ìdajì lítà omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ rẹ ojú egbò pẹ̀lú rẹ̀ li ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta li ọjọ́, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má ṣe dì í. Kí ahọ́n má bàa dé ibẹ̀, a máa ń fi ike yí ọrùn ajá ká, tí ó fẹnu sílẹ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Yóò kọ́kọ́ máa fi í kọ lu ògiri, yóò sì mọ́ ọn lára. Bí egbò bá ń tàn, tàbí tí kò bá gbẹ li ọjọ́ kejì, ó di ti dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta.

Ó ku ti ajá tí a so mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òun kì í ní egbò òru kan; ọwọ́ iwájú rẹ̀ li ó ń lá, li ókè ọrùn-ẹsẹ̀, lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, títí ojú ibẹ̀ yóò fi le, tí yóò wú bí kókó, tí kò sì ní hu irun mọ́. Nígbà mìíràn oríkèé li ó ń dùn ún, nígbà mìíràn awọ li ó ń yún un. Ṣùgbọ́n li ara ọ̀pọ̀, àìríṣe àti àìrẹ́nìkejì li ó bí i. Irú èyí li ó ṣòro jù láti wò. Ẹ tú u, kí ọmọ kan nínú ilé máa mú un rìn li òwúrọ̀ àti li alẹ́, ẹ fún un li eegun ńlá tútù tí a kò sè láti máa jẹ níwájú yín, kí dókítà sì fún un li oògùn tirẹ̀, tí ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù. Bí irun bá hù padà níbẹ̀, ó lè jẹ́ funfun.