Àìsàn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́: Ẹrù Gbogbo Jamáà Ni



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ti àìsàn ọjọ́ mẹ́ta tí oògùn ń lé lọ. Ti àìsàn tí ó wọlé tí kò jáde mọ́ ni: ẹ̀gbà tí ó mú apá kan ara, àtọ̀gbẹ, ojú tí ó fọ́, ẹsẹ̀ tí a gé, orí tí ó dàrú, àti ogbó tí ó dá ènìyàn sí orí ẹní. Ṣàṣà ni àdúgbò tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò sí, bí a kò tilẹ̀ rí i, nítorí inú yàrá ni ó wà.

Nígbà tí àìsàn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ilé a kún. Àwọn ààfáà a wá ṣe àdúà, ẹgbẹ́ a dá owó jọ, àwọn ará ọjà a pa ìsọ̀ dé láti wá kí i. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹta, ẹsẹ̀ a dín. Nígbà tí ó bá pé ọdún kan, a ku ẹnìkan ṣoṣo, ìyàwó tàbí ọmọbìnrin ilé. Òun ni yóò gbé e, òun ni yóò wẹ̀ ẹ́, òun ni yóò fọ aṣọ tí ó tọ̀ sí, òun náà ni yóò sì wá owó oògùn. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, ẹ̀yin náà mọ bí yóò ti rí. Ọjọ́ ọjà yóò kọjá, kò ní lè lọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ lára owó òwò títí yóò fi tán. Ọjọ́ tí owó òwò bá tán, oògùn náà tán nìyẹn. Báyìí ni àìsàn ẹnìkan ṣe ń di àìsàn gbogbo ilé.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn yóò máa sọ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò wá sí àsáláátù mọ́, pé ó ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí a rántí ogun Bádírì, tí a jà ní ọdún kejì Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 624 àwọn òyìnbó. Rùkáyátù, ọmọ Ànábì wa Mùhámmádù (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), wà lórí àìsàn. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó ní kí Úsímánù, ọkọ rẹ̀, dúró tì í ní Mẹ̀dínà. Rùkáyátù kò yè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pín ọrọ̀ ogun, a fún Úsímánù ní ìpín tirẹ̀, Ànábì sì fi yé e pé láádá rẹ̀ kò dín sí ti ẹni tí ó lọ. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn ni a kà mọ́ àwọn tí ó wà lójú ogun Bádírì! Ẹ sì kíyè sí i pé ọkùnrin ni ẹni náà, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń tọ́jú. Níbo ni a ti wá rí i pé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni?

Lẹ́yìn ogun Kòtò ní ọdún karùn-ún Híjírà, nígbà tí ọfà ba Sáàdù ọmọ Muásù ní apá, inú mọ́ṣáláṣí ni Ànábì ní kí a pa àgọ́ sí fún un, kí ó lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Àwọn onítàn sọ pé àgọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Rufáídátù ni, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ jìn fún títọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́. Mọ́ṣáláṣí àti ìtọ́jú aláìsàn kò jìnnà sí ara wọn nígbà náà.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, a ti rí ohun tí ìdílé àti àdúgbò lè ṣe. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, tí a fi ń wọ̀ àwọn tí orí wọn dàrú sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ọsibítù. Ẹbí aláìsàn a bá a wá, a sì bá a gbé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Lẹ́yìn náà a padà sí àárín ènìyàn. Òkìkí ètò yìí kàn dé òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó, ó gba ìmọ̀. Kí a bẹ nọ́ọ̀sì kí ó kọ́ wa. Ẹni tí kò lè dá yí ara rẹ̀ padà, kí a máa yí i ní wákàtí 2 sí 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ egbò yóò dá sí ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Lójoojúmọ́ kí a wo àwọn ibẹ̀, kí a sì fi ọwọ́ kàn án. Ibi tí ó bá gbóná tàbí tí ó le ju ibòmíràn lọ, egbò ń bọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá tọ̀ sí ara, kí a tètè nù ún gbẹ. Kí a má ṣe fi oúnjẹ sí i lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀. Kí a gbé e jókòó, kí a fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Kí a má ṣe fa apá tí ó rọ láti fi gbé e dìde. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá. Alátọ̀gbẹ tí ó bá ń ṣe àlùwàlá, kí ó lo àǹfààní náà láti wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì nù ún gbẹ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ èsúsú ju ààfáà lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi wákàtí dá èsúsú. Bí ènìyàn 12 bá yọ wákàtí 2 péré sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí 24 ni: ọjọ́ 3, wákàtí 8 lójúmọ́, tí obìnrin yẹn lè fi padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Kí ọkùnrin máa tọ́jú ọkùnrin, kí obìnrin máa tọ́jú obìnrin. Kí akọ̀wé jamáà kọ orúkọ àti àkókò sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá pa ọjọ́ tirẹ̀ jẹ sì san án padà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nínú èsúsú owó.

Kí a sì wo àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí wa. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní oṣù January ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 kí wọ́n fi ní ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ilé Ọlọ́run kẹ́yìn? Ọmọ Umú Mákítúmù, ẹni tí a torí rẹ̀ sọ Súrà 80 kalẹ̀, afọ́jú ni, ó sì ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí Ànábì.

Ẹni tí kò lè jáde, kí a má ṣe ni ẹ̀sìn lára fún un. Ẹni tí kò lè dúró, kí ó kírun ní ìjókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí omi yóò pa lára, táyámọ́mù ń bẹ. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó lè gba ààwẹ̀ mọ́, kí ó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá kírun Jímọ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí Lẹ́mọ́mù béèrè pé: ta ni kò sí láàárín wa, ta sì ni ó ń tọ́jú rẹ̀? Kí a má ṣe túká títí a ó fi kọ orúkọ 12.

Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí ó sì fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní agbára àti láádá. Àmín. Wásálámù.