Bí Ọkàn Yín Bá Ń Lù Ségesège, Ẹ Sọ Kí Wọ́n Tó Kùn Yín Lóorun

Ẹ̀yin ìyá wa ní Zongo! Iṣẹ́ abẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù ni ti ìbímọ. Bó jẹ́ òun ni o, bó jẹ́ òmíràn ni o, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná kékeré kan nínú ọkàn fúnra rẹ̀ ló ń darí i. Bí iná yìí bá dàrú, ọkàn á máa sáré, tàbí á falẹ̀, tàbí kó máa lù ségesège. Ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú nígbà èwe lè ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́, kí irú èyí wá yọjú lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Kí ló kan abẹ́rẹ́ oorun? Oògùn náà lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìrora, ìbẹ̀rù àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ń mú ọkàn sáré. Ọkàn tó ti dàrú tẹ́lẹ̀ lè má fara dà á. Ṣùgbọ́n bí dókítà tó ń kunni lóorun bá ti mọ̀, á ya àwòrán lílù ọkàn yín, á yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá potassium kò lọ sílẹ̀ jù, á yan oògùn tó bá yín mu, á sì fún yín díẹ̀díẹ̀. Kò ní gbójú kúrò lára ẹ̀rọ tó ń fi lílù ọkàn hàn títí iṣẹ́ á fi parí.

Nítorí náà, ẹ sọ fún un:
– bí àyà yín bá ń já, tàbí bí ẹ bá ti dákú rí;
– bí ẹnìkan nínú ẹbí yín bá ti kú lójijì láìtíì dàgbà;
– bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ sí yín láyà, torí ọ̀bẹ oníná lè dà á láàmú;
– gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò. Ẹ kó wọn dání.

Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ kó sí ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ rọ. Síbẹ̀, ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Dókítà ló máa sọ èyí tí ẹ ó fi omi díẹ̀ gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ, wọn ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn mọ́. Wọ́n lè sún un síwájú díẹ̀ kí ọkàn kọ́kọ́ balẹ̀, bí kò bá jẹ́ kánjúkánjú. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Borgou níbí ní Parakou, ẹ má jiyàn, ẹ lọ.

Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà o.