Bébà, Yíǹkì àti Ọwọ́ Ayàwòrán: Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Akínọlá Laṣekan àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Akínọlá Laṣekan, ẹni tí a bí ní ìlú Ọ̀wọ̀ ní 1916, fi oríṣi iṣẹ́ méjì sílẹ̀, tí ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ kò ní fẹ́ gbà pé ọwọ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Apá kan ni àwọn àwòrán tí ó fi ọ̀dà kùn, irú èyí tí a ń pè ní Ajaka of Owo, tí ó ṣe ní 1944. Apá kejì ni àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ó ń yà fún ìwé ìròyìn West African Pilot ní Èkó, tí ó ń fi orúkọ “Lash” sí lára. Nínú ti ìṣáájú, àwọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Nínú ti ìkejì, kò sí ohun mìíràn ju ìlà dúdú lọ. Ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti wí pé ibi ọ̀dà ni Laṣekan ti jẹ́ oníṣẹ́-ọnà, àti pé ìkánjú ni ó fi ṣe ti inú ìwé ìròyìn, nítorí owó oṣù. Ìdájọ́ yìí kò tọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹjọ́ àwòrán tí a tẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ pe bébà àti yíǹkì wá jẹ́rìí.

Ní Oṣù Kọkànlá 1937 ni Nnamdi Azikiwe dá West African Pilot sílẹ̀, ó sì fi í gbógun ti ìjọba amúnisìn. Ìwé ìròyìn tí ó bá fẹ́ kí tálákà rí òun rà kò gbọdọ̀ wọ́n, èyí tí kò bá sì wọ́n, bébà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni a óò fi tẹ̀ ẹ́. Igi ni a fi ń ṣe irú bébà bẹ́ẹ̀. A ó lọ igi náà bí ẹni lọ àgbàdo, láìyọ ohun tí ó mú igi le kúrò nínú rẹ̀, a ó sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Bébà tí ó jáde láti inú rẹ̀ kò funfun; ó rí bí omi ògì. Ojú rẹ̀ rí hùhù-hùhù, ó sì ń mu yíǹkì bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu òjò àkọ́rọ̀. Láti òkè òkun ni ọkọ̀ ti ń kó o wá sí Èkó. Ilé-iṣẹ́ tí a kọ́ sí Oku Iboku láti máa ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 1986. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìwọ̀nba ni ìjọba ń fún ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé di ohun tí a ń ṣọ́ lò. Àyè tí àwòrán bá gbà, ọ̀rọ̀ ni kò rí i gbà. Nítorí náà àwòrán tí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan kò yẹ ní ẹni tí a ń fún láyè.

Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé orí bébà náà tún wà níbẹ̀. Ayàwòrán a fi yíǹkì dúdú ya iṣẹ́ rẹ̀ sórí bébà funfun tí ó le, ní ìwọ̀n tí ó tóbi ju èyí tí yóò jáde lọ. A ó ya fọ́tò rẹ̀ kí ó lè kéré. A ó fi ìmọ́lẹ̀ gbé fọ́tò náà sórí páànù síǹkì tí a ti fi oògùn pa lára. Lẹ́yìn náà a ó ri páànù náà sínú ásíìdì. Ibi tí ìlà bá wà, ásíìdì kò ní lè fọwọ́ kàn án; ibi tí kò bá sí ìlà, yóò jẹ ẹ́ wọlé. Nígbà tí páànù náà bá jáde, ìlà nìkan ni yóò dúró sókè, gẹ́gẹ́ bí ọnà ti ń yọ lára ilẹ̀kùn tí agbẹ́gilére gbẹ́. A ó kàn án mọ́ igi kí ó lè ga dọ́gba pẹ̀lú àwọn lẹ́tà olójé, a ó pa yíǹkì sí gbogbo wọn lára, a ó sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà yìí kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ohun tí ó wà láàárín dúdú àti funfun. Páànù síǹkì kò mọ ohun tí ń jẹ́ òjìji. Bí ìlà bá tín-ín-rín jù, ásíìdì yóò gba abẹ́ jẹ ẹ́, yóò sì já. Bí ìlà méjì bá sún mọ́ ara wọn jù, yíǹkì yóò tàn lára bébà, méjèèjì yóò di ọ̀kan, ohun tí ayàwòrán pè ní irun orí yóò sì di ẹrẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan lára ènìyàn ṣókùnkùn díẹ̀, àfi kí ó fa ìlà tẹ̀lé ìlà, kí ó sì fi àlàfo tí ó tó sílẹ̀ láàárín wọn, kí bébà tó bẹ̀rẹ̀ sí mu tirẹ̀. Gbogbo èyí ni ayàwòrán ní láti ṣírò kí ó tó ki gègé bọ yíǹkì. Kì í ya ohun tí ó rí; ohun tí yóò kù lẹ́yìn tí fọ́tò, ásíìdì àti bébà bá ti jẹ tiwọn tán ni ó ń yà.

Ẹ̀rọ fọ́tò náà tún ní ojú tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ojú ènìyàn. Irú fíìmù tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí a máa rí pupa bí ẹni pé dúdú ni, kì í sì í rí àwọ̀ aró tí ó fúyẹ́ rárá. Ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn káàkiri ayé fi máa ń fi pẹ́ńsù aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ fa ìlà àkọ́kọ́, tí wọn kì í sì í pa á rẹ́. Ní ti pupa, ẹ rántí òrùfanran, ẹ̀wù tí àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀ ń wọ̀, tí a fi ègé aṣọ pupa onírun àgùntàn tò lára bí ìpẹ́ ẹja. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó bá fi ọ̀dà yà á lè fi pupa náà hàn bí ó ti rí. Bí ó bá gbé àwòrán kan náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé, dúdú biribiri ni páànù síǹkì yóò dá padà fún un, ìpẹ́ kan kò sì ní yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Kì í ṣe pé Laṣekan fi ọgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Pilot. Ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí ó gbé e wọlé.

Ìlà tí ó nípọn, àlàfo tí ó fẹ̀, dúdú tí a kó jọ sí ojú kan: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ pè ní ìkánjú nìyí, òun gan-an ni ó sì mú kí ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀ lè lóye ohun tí àwòrán náà ń sọ nípa ìjọba. Àwọn aláṣẹ mọ agbára ìwé ìròyìn náà. Ní Oṣù Keje 1945, nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá, wọ́n fi òfin dá a dúró.

Àwọn ìwé àwòrán tí a fi àwọ̀ tẹ̀ bá irú ìṣòro kan náà pàdé, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni èyí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní 1934 ni ilé-iṣẹ́ Eastern Color ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Famous Funnies, lórí bébà ìwé ìròyìn kan náà tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yíǹkì mẹ́rin ni wọ́n ń lò: èyí tí ó rí bí ìyeyè, èyí tí ó pọ́n bí osùn, èyí tí ó rí bí aró tí kò tíì jinlẹ̀, àti dúdú. Ẹni tí ó bá fi èdè Yorùbá wò wọ́n yóò rí i pé oríṣi pupa méjì àti oríṣi dúdú méjì ni wọ́n. Nínú àwọ̀ mẹ́ta tí èdè wa ní orúkọ gidi fún, funfun ni kò sí níbẹ̀, nítorí pé bébà fúnra rẹ̀ ni funfun. Èyí kò lè ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn. Obìnrin tí ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ kì í kun funfun. Funfun tí ó ti wà lára aṣọ tẹ́lẹ̀ ni ó ń dáàbò bò, kí aró má baà dé ibẹ̀. Bí aṣọ náà kò bá funfun, ọnà rẹ̀ kò lè mọ́. Bébà tí ó rí bí omi ògì ń fa gbogbo àwọ̀ tí a bá tẹ̀ sí i lára sílẹ̀ ní ìpele kan.

Òǹtẹ̀wé kì í po yíǹkì wọ̀nyí pọ̀ sínú igbá. Ó ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí èkejì ni, ní àmì kéékèèké tí ojú ń rí bí àwọ̀ kan. Ẹni tí ó bá ní dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá lè rí wọn kedere lójú ewé àtijọ́. Yíǹkì mẹ́ta aláwọ̀ náà, a lè tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdá mẹ́rin, tàbí ní ìdajì, tàbí ní odindi, a sì lè fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà yóò rí i pé ọ̀nà 64 ni ó wà, bébà lásán sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo ayé tí ayàwòrán lè kùn kò ju èyí lọ. Bí akunwọ̀ bá ti fi àwọ̀ sí ẹ̀dà àwòrán tán, a kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò sì fi ọwọ́ pín àwọ̀ náà sórí páànù. Ìdí nìyí tí àwọn akọni inú ìwé wọ̀nyí fi ń wọ aṣọ pupa odindi àti aṣọ aláwọ̀ aró odindi: odindi yíǹkì kì í ṣìnà. Àwọ̀ eérú ní tirẹ̀ a máa ṣìnà. Ní 1962, nígbà tí Hulk kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ eérú ni a fún un. Kò rí bákan náà láti ojú ewé kan sí èkejì, ó sì di aláwọ̀ ewé láti nọ́ńbà kejì. Yíǹkì ni ó yan àwọ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ènìyàn ni ti ara adúláwọ̀. Fún ara òyìnbó, ìdá mẹ́rin ìyeyè àti ìdá mẹ́rin osùn ti tó, ó sì ń jáde dáadáa. Fún ara adúláwọ̀, yíǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti pàdé lórí bébà tí ń mu yíǹkì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ara yóò di eérú tàbí ẹrẹ̀, ìlà dúdú tí ó ya ojú àti imú yóò sì rì sínú rẹ̀. Ní 1963, nínú nọ́ńbà kìíní Sgt. Fury, ọmọ ogun adúláwọ̀ tí ń jẹ́ Gabe Jones jáde pẹ̀lú àwọ̀ òyìnbó lára. A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru bébà. Ẹni tí ó ti pinnu pé ènìyàn ni láti jẹ́ funfun kò ní wá ọ̀nà tí yóò gbà tẹ àwọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ètò tí ó mú kí ara kan rọrùn láti tẹ̀, tí ó sì mú kí èkejì nira, ti ran ẹ̀tanú lọ́wọ́.

Atọ́ka, ìwé eré aláwòrán tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1967, gba ọ̀nà mìíràn. Fọ́tò àwọn òṣèré bí Ògúndé àti Oyin Adéjọbí ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wọn lẹ́nu. Fọ́tò pẹ̀lú ní láti di àmì kéékèèké kí a tó lè tẹ̀ ẹ́. Lórí bébà dídán, àmì 133 tàbí 150 lè jókòó láàárín íǹṣì kan. Lórí bébà ìwé ìròyìn, 55 sí 85 ni, nítorí pé bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ojú tí inú ń dùn díẹ̀ àti ojú tí inú ń bà jẹ́ díẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ tí irú bébà bẹ́ẹ̀ lè fi hàn láàárín wọn. Òṣèré tí ó ń la ojú rẹ̀ bàǹbà, tí ó ń na ọwọ́ sókè, ni ó ń dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé. Oríire ni pé bí àwọn aláré wa ti ń ṣe eré lórí ìtàgé nìyẹn, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí wọn.

Ohun tí ó wá kù ni ti ìpamọ́. Ohun tí a kò yọ kúrò nínú igi nígbà tí a ń ṣe bébà náà kò sùn. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń jí i, bébà á pọ́n, á gbẹ, á sì máa rún. Ní 1971, Ekpo Eyo wa àwọn ère amọ̀ jáde ní Ìgbò Lájà ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ìrísí ojú wọn sì hàn síbẹ̀. Ojú ewé Pilot ti 1944 kò lè fara da ọgọ́rùn-ún ọdún lórí àjà ilé ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n tàbí ní Ìdóànì, níbi tí ọ̀rinrin àti ikán ti ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ dé àjà. Àkàrà ni a fi wọ́n dì.

Olùkọ́ tí ó bá rí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà kan kò gbọdọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kò sì gbọdọ̀ sá a sí oòrùn. Kí ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sí ibi òkùnkùn tí ó gbẹ, láàárín bébà funfun tí ó dára. Bí ó bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ó yà á ní aláwọ̀, àti etí bébà àti ibi tí ó ti pọ́n, bí àwòrán náà tilẹ̀ jẹ́ dúdú lásán. Àwọn tí ń tún irú iṣẹ́ wọ̀nyí tẹ̀ ní òde òní sábà máa ń fọ ẹ̀yìn àwòrán di funfun báláú, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà dídán. Ìlà tí a fà nípọn nítorí bébà tí ń mu yíǹkì yóò wá dúró gbagidi lórí bébà tí kò mu ún, pupa odindi yóò máa ta ojú, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tún wí pé ọwọ́ ayàwòrán le.