Fadá Coquard àti Iṣẹ́ Abẹ ní Lántòrò

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Lántòrò ní Abẹ́òkúta lónìí, ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn mìíràn wà ní àdúgbò kan náà tí ó dàgbà jù ú lọ púpọ̀. Ilé ìwòsàn Sacred Heart ni, èyí tí Fadá Jean-Marie Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé nínú ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà SMA, dá sílẹ̀ ní ọdún 1895. Òun ni a kà sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Nàìjíríà gan-an kò tíì sí nígbà náà. Ìlú Ẹ̀gbá dá dúró fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ọdún 1893 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wí.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ fi ọkàn sí ni pé Fadá Coquard kò gba oyè ìṣègùn. Iṣẹ́ àlùfáà ni ó bá wá, iṣẹ́ abẹ ni orúkọ rẹ̀ sì fi kàn.

Èyí kò ya àwọn Ẹ̀gbá lẹ́nu tó bí ó ti lè ya àwa lẹ́nu. Wọ́n mọ abẹ kí òyìnbó tó dé. Olóòlà wà tí ń kọ ilà ojú àti ilà abẹ́ fún ọmọkùnrin; àwọn tí ń to eegun tí ó kán wà pẹ̀lú. Lẹ́sẹ̀ ọ̀gá ni olúkúlùkù wọn ti kọ́ṣẹ́. Kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tí wọ́n tọ́jú bá dìde rìn, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí oníṣẹ́ abẹ ayé ìgbà náà ní lọ́wọ́. A ti ń fi oògùn chloroform kun aláìsàn lóorun láti ọdún 1847. Joseph Lister ti fi han ayé ní 1867 pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń mú kí ojú ọgbẹ́ kẹ̀. Ernst von Bergmann, oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Jámánì, sì ti ń fi oru omi gbígbóná pa kòkòrò lára ohun èlò kí abẹ tó kan ara. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 1895 náà gan-an ni Wilhelm Röntgen, ọmọ Jámánì mìíràn, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìtànṣán X-ray. Ọwọ́ àti ojú nìkan ni a fi ń mọ ohun tí ó wà nínú ara. Penisílíìnì kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn títí di ẹ̀yìn ọdún 1940. Bí ọgbẹ́ bá kẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ tí a lè sá di. Ìmọ́tótó ni gbogbo ààbò, àti ìtọ́jú àwọn sístà.

A kò kọ èyí láti gbé ayédèrú dókítà lárugẹ o. Ẹni tí ó bá fi abẹ kan ara ènìyàn lónìí láìní ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá ni yóò wá a wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1895, ọkọ̀ ojú irin kò tíì so Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ Èkó tí àwọn dókítà wà. Ẹni tí oògùn ilé kò ràn, tí kò sì lè rin ìrìn-àjò, ta ni ìbá tọ̀ lọ? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tiwa ni, Lántòrò ni àwa náà ìbá gbé e lọ.

Ọdún 1933 ni Fadá Coquard kú. Ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣì ń gba aláìsàn, àwọn dókítà tí ó gba oyè ni wọ́n sì ń di abẹ mú níbẹ̀ báyìí.