Ohun tó wà nínú “ching chong” tó fi ń dun ará Éṣíà

Ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ń ṣe ọ̀nà rélùwéè aláwọ̀ búlúù ti Èkó tí yóò parí sí Òkókómáíkò. Apá kìíní rẹ̀, láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí èèyàn rí ará Ṣáínà tó dé akoto, tó dúró ti katapílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Badagry. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi yọrí látinú dánfó, tí á pariwo “ching chong” mọ́ ọn, tí àwọn èrò ọkọ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é kò ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n “ching chong” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan lédè Ṣáínà. Ìró lásán ni, tí àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà fi ń sín àwọn lébìrà tó wá láti Ṣáínà jẹ láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ẹni tó ń pariwo rẹ̀ ń wí ni pé ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹni yẹn kì í ṣe èdè èèyàn. Ó yẹ kí èyí tètè yé Yorùbá. Ẹni tó bá ti ná ọjà Alaba rí mọ “ńgbàtí”, orúkọ tí àwọn kan fi ń pè wá nítorí pé “nígbà tí” ni wọ́n ń gbọ́ lemọ́lemọ́ lẹ́nu wa. Àwa náà ní “kòbókòbó” tí a fi ń pe ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Bí wọ́n bá sọ ọ́ láàárín ọ̀rẹ́, ẹ̀rín lè bá a lọ. Bí ìwọ nìkan bá dá wà láàárín ogún èèyàn tó ń fi ṣẹ̀fẹ̀, inú rẹ kò ní dùn.

“Ṣíńkò”, tí àwọn kan tún fi ń pe ará Ṣáínà, burú ju bí a ṣe rò ó lọ. Ní Alaba, ọjà tí kò lè pẹ́ bàjẹ́ ni à ń pè bẹ́ẹ̀: wáyà tó ń gbóná sódì, bátìrì tó kú lọ́sẹ̀ kejì. Bí a bá wá yí i lé orí èèyàn ẹlẹ́ran ara, a ti sọ pé ayédèrú ni òun náà.

Àwọn orúkọ kan wà tí kò jọ èébú rárá. “Oriental”, èyí tó dúró fún ará ìlà-oòrùn, wà lára hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Victoria Island, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Ti èèyàn ló yàtọ̀. Ìlà-oòrùn ta ni? Ti àwọn ará Yúróòpù tó jókòó sílé wọn tí wọ́n ń na ìka síta ni. Nígbà tí orúkọ yẹn gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1882 ń dènà àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1943. Ìyẹn ló jẹ́ kí Grace Meng, aṣòfin láti New York, gbé àbá dìde pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀. Nínú ilé aṣojú-ṣòfin, 376 ló fọwọ́ sí i, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó takò ó. Ààrẹ Obama buwọ́ lù ú ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2016. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí òfin kan náà yọ ni “Negro”. Àwa àti ará Éṣíà la jọ jáde nínú ìwé yẹn.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ nínú irú èyí. Lọ́dún 1866, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Langdon Down, fi orúkọ ẹ̀yà Mongol pe àwọn ọmọ tí à ń pe àìsàn wọn ní Down syndrome lónìí, nítorí ó rò pé ojú wọn jọra. Odindi orílẹ̀-èdè kan wá di orúkọ àìlera. Lẹ́yìn tí Mongolia wọ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa á tì, wọ́n sì gbà lọ́dún 1965.

Pípa gbogbo ará Éṣíà pọ̀ sójú kan náà ti pa èèyàn rí. Lọ́dún 1982 ní àgbègbè Detroit, àwọn méjì tí inú ń bí sí ọkọ̀ Japan tó gba ọjà lọ́wọ́ ti Amẹ́ríkà lu ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vincent Chin pa. Ìdílé Ṣáínà ló ti wá, kò bá Japan tan. Owó ìtanràn dọ́là 3,000 ni ilé-ẹjọ́ bù fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, wọn kò sì fẹ̀wọ̀n jura lórí ẹ̀sùn náà. N kò lè ka ìtàn yìí kí n tún fara mọ́ ẹni tó ní “China ni gbogbo wọn”.

Ọdún 2020 mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tiwa. Lóṣù kẹta, Ààrẹ Trump ń pe kòrónà ní “kòkòrò àrùn Ṣáínà”, bẹ́ẹ̀ láti 2015 ni WHO ti kìlọ̀ pé kí a má fi orúkọ ìlú tàbí ẹ̀yà pe àrùn. Lóṣù kẹrin, ní Guangzhou, ìlú tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Alaba ti ń rajà, wọ́n lé àwọn ọmọ Áfíríkà jáde nílé àti ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ló ń gbé àrùn kiri. Femi Gbajabiamila, olórí ilé aṣojú-ṣòfin wa nígbà náà, ké sí aṣojú Ṣáínà, Zhou Pingjian, ó fi fídíò rẹ̀ hàn án. Èébú kan wà ní Ṣáínà fún aláwọ̀ dúdú, “heigui”, ìyẹn iwin dúdú. Àwọn kan tó ń sọ ọ́ máa ń ní àwàdà ni.

Ará Ṣáínà, ará Kòríà, ará Japan, ará Vietnam, ará Íńdíà: gbogbo wọn ló ní orúkọ ilẹ̀ wọn. Bí a kò bá mọ ibi tí ẹnìkan ti wá, “ọ̀gá mi” tí à ń pe gbogbo kọ́sítọ́mà ní Alaba ti tó láti fi pè é.