Ikọ́ Ife: Gbígbémì Kọ́ Ni Dídà

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí ìlú Tamale ní àríwá Ghana, eruku a bo ojú ọ̀run, ikọ́ a sì di ti gbogbo ilé. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ṣòwò níbẹ̀ kí àṣẹ ọdún 1969 tó lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú mọ ìgbà yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ikọ́ kọ́ ni ti ọyẹ́. Èyí tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lè jẹ́ ikọ́ ife.

Èéṣe tí a kò kàn fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ̀ ọ́n? Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé, ara a pèsè áńtíbọ́dì, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí í lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà bí àmì lára ọ̀daràn. Àmì yìí ni sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń dá ọ̀tá mọ̀, tí ó sì ń gbé e mì. Ní ọdún 1903, ní Lọ́ńdọ̀nù, Almroth Wright àti Stewart Douglas fi hàn bí a ṣe lè ka iye kòkòrò tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbé mì. Lóde òní, àwọn onímọ̀ a fi èròjà ara kòkòrò ikọ́ ife bo ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní tí ń tàn. Wọn a da omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí i, wọn a kó sẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ̀rọ a sì ka àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n gbígbémì kọ́ ni dídà. Kòkòrò ikọ́ ife lè wà láàyè nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé e mì. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé áńtíbọ́dì àwọn tí kòkòrò náà sùn sí lára ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti pa á ju ti àwọn tí àìsàn náà ń ṣe lọ. Nítorí náà, pé áńtíbọ́dì wà kò tó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí a wò. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n yìí fi wúlò fún àwọn tí ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun, nítorí BCG, tí a ti ń lò láti 1921, ń dáàbò bo ọmọdé ju àgbà lọ.

Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo àyẹ̀wò áńtíbọ́dì tí wọ́n ń tà lọ́jà láti mọ ikọ́ ife, nítorí ó máa ń ṣì í. Ẹni tí ikọ́ kò bá fi sílẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kí ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn oṣù mẹ́fà a máa wo ikọ́ ife sàn. Ọ̀fẹ́ sì ni ní Ghana.