Ọwọ́ Tó Dì Gbagidi: Abẹ́rẹ́ Botox Lára Ẹni Tí Rọpárọsẹ̀ Mú

Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 la wọ̀ láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sílé ìwòsàn. Oòrùn oṣù Keje ń mú, fèrèsé ọkọ̀ kò ṣí tán, òórùn ẹja gbígbẹ sì ń jáde nínú àpò àwọn tó ti ọjà Rye Lane bọ̀. Màmá tí mo tẹ̀ lé jókòó síwájú, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan, ó dì bí ẹni tó há owó mọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ni ọmọbìnrin wọn ń di èjìká wọn mú. Àwọn méjèèjì gbà kí n kọ ohun tí mo bá rí. Wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ àwọn.

Rọpárọsẹ̀ ló mú Màmá. Ó ti lé lọ́dún kan. Ẹsẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ni kò gbọ́.

Ilé ìwòsàn kún. Ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ kékeré kan ń ké, fáànù kan ń yí gìrìgìrì lókè láìfẹ́ atẹ́gùn kankan, òórùn sípíríìtì sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Adúláwọ̀ pọ̀ lórí àwọn àga onítáyà tó wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe lórí rọpárọsẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù láti 1995 fi hàn pé ó ń mú wa ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì ń tètè mú wa.

Wọ́n pe Màmá wọlé. Dókítà tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ tí a ò tíì rí láti àárọ̀ yọ síta: ó tutù, ó funfun, òórùn òógùn tó ti pẹ́ níbẹ̀ bú jáde, ojú èékánná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tò sínú ẹran ara. Ọmọ wọn ní alaalẹ́ lòun ń fi òwú nù ún, Màmá a sì máa sunkún.

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò kékeré kan jáde látinú fíríìjì. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní òfìfo ni. Ó fa omi iyọ̀ sí i. Botox ni, èyí tí àwọn gbajúmọ̀ fi ń pa ìhunjọ ojú rẹ́. Májèlé ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: kòkòrò Clostridium botulinum, tó lè wà nínú oúnjẹ agolo tí wọn ò sè dáadáa, ló ń pèsè rẹ̀. Ẹwà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wá lọ sídìí rẹ̀. Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, lò ó láti tọ́ ojú tí kò wo ọ̀kánkán. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àrùn ojú ní 1989. Wọ́n fọwọ́ sí i fún ìhunjọ ní 2002. Ti ọwọ́ tó le bíi ti Màmá tẹ̀ lé e ní 2010.

Dókítà fi ẹ̀rọ wo inú apá. Iṣan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, dúdú àti eérú, ó ń mì bí wọ́n ṣe ń na ìka.

“Ẹ kú àfaradà, Ma,” ni nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, wí.

“Ẹ rọra o, ọmọ mi. Ọwọ́ yìí ni mo fi tọ́ gbogbo wọn.”

Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ó tún wọ ibòmíràn. Màmá di ojú. Wọ́n béèrè bóyá àwọn lè fi ro àmàlà lálẹ́. Rárá. Ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni agbára rẹ̀ á sì fi wà. Kì í wo ọpọlọ sàn. Ó kàn ń dí ẹnu ibi tí àṣẹ ọpọlọ ń gbà dé iṣan ni, kí iṣan lè dẹ̀.

A gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan. Ooru ibẹ̀ ju ti ìta lọ, rọ́bà ń rùn, bọ́ọ̀lù ń dún lára ògiri. Bàbá kan tó gba abẹ́rẹ́ tiwọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ń mú kọ́ọ̀bù oníke, wọ́n ń gbé e sókè, ó ń já bọ́, físíò ń dá a padà fún wọn, wọ́n sì tún ń mú un, òógùn ń kán ní àgbọ̀n wọn, ẹnu wọn ń gbọ̀n bíi pé òkúta ni wọ́n ń gbé. Ó dé orí pẹpẹ níkẹyìn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ èyí dáadáa. Nínú BoTULS, ìwádìí ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́rẹ́ májèlé yìí dẹ ọwọ́, ó mú kí fífọ àtẹ́lẹwọ́ àti wíwọ aṣọ rọrùn, ṣùgbọ́n kò dá agbára ìlò ọwọ́ padà bí wọ́n ṣe retí. Àǹfààní yẹn kò kéré lójú mi. Mo ti rí àtẹ́lẹwọ́ Màmá.

Bí ọwọ́ ẹni yín bá ti ń dì lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ẹ má dúró títí èékánná yóò fi wọ ara. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀ṣọ́ ojú. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, bí oúnjẹ bá ṣòro gbé mì tàbí èémí bá ṣòro mí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.